Kí Ló Dé Tí Kò Gbá Ìyàwó Rẹ̀ Mọ́ra? Àlàyé Lórí Shahab Hosseini, Òṣèré Ọmọ Ìránì

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo fi The Salesman han àǹtí mi ní pálọ̀. Fíìmù Ìránì ni. Àǹtí mi kì í fi bẹ́ẹ̀ wo fíìmù tí ènìyàn ní láti máa ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀, nítorí náà èmi ni mò ń kà á sókè fún wọn ní Yorùbá. A dé ibi tí Rana, obìnrin inú ìtàn náà, ti ilé ìwòsàn dé. Àjèjì kan ti wọlé bá a ní balùwẹ̀, ó ti ṣe é léṣe, wọ́n ti rán orí rẹ̀, wọ́n sì ti fi báńdéèjì dì í. Ẹ̀rù ń bà á láti dá wà nínú ilé. Emad, ọkọ rẹ̀, wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án. Àǹtí mi gbé ojú sókè. Wọ́n ní: "Kí ló dé tí kò gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra? Àbí kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ ni?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo fíìmù Ìránì. Àwọn kan á ní ojú òṣèré náà ti le jù. Àwọn mìíràn á ní bóyá bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí ìyàwó wọn nìyẹn. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Shahab Hosseini lorúkọ ọkùnrin tó ṣe Emad, ohun tó sì ṣe nínú fíìmù yìí gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó pegedé jùlọ ní àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé lọ́dún 2016. Tí a bá dáhùn ìbéèrè àǹtí mi dáadáa, a ó mọ ìdí tí wọ́n fi fún un.

Kámẹ́rà ló sọ pálọ̀ di ìta gbangba

Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1979, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tó gba àkóso ní Ìránì ṣe òfin tuntun fún sinimá. Kí fíìmù kankan tó wọ ilé sinimá níbẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ. Obìnrin gbọ́dọ̀ bo irun rẹ̀ nínú fíìmù, ì báà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló wà. Ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí ìgbéyàwó tàbí ìbátan tímọ́tímọ́ láàárín wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara wọn lójú kámẹ́rà.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn dì mú níbẹ̀ ni pé òfin náà kò wo ẹni tí òṣèré ń ṣe. Ẹni tí òṣèré jẹ́ nílé ara rẹ̀ ló ń wò. Tọkọtaya ni Emad àti Rana nínú ìtàn, ṣùgbọ́n Shahab Hosseini àti Taraneh Alidoosti, tó ṣe Rana, kì í ṣe tọkọtaya. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kò fi lè kan ọwọ́. Ní ilé gidi ní Tehran, olú ìlú Ìránì, obìnrin kì í bo irun nítorí ọkọ rẹ̀, ọkọ a sì máa gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra bí i ti ibi gbogbo láyé. Àmọ́ nígbà tí kámẹ́rà bá wọlé, gbogbo ẹni tó máa wo fíìmù náà ti bá a wọlé nìyẹn, àjèjì sì ni gbogbo wọn jẹ́ sí obìnrin náà. Àwọn ará Ìránì mọ èyí láti kékeré. Bí wọ́n bá rí ọkọ tó na ọwọ́, tó sì dá a dúró lọ́nà, wọ́n á fi ọkàn ara wọn parí rẹ̀. Àwa tí a wà níta ni kò mọ̀ pé ìdìmọ́ra náà ti ṣẹlẹ̀.

Asghar Farhadi, tó kọ ìtàn náà tó sì darí rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ òfin yìí sínú fíìmù náà fúnra rẹ̀. Emad àti Rana ń ṣe eré orí ìtàgé lálaalẹ́, eré Arthur Miller ará Amẹ́ríkà nípa ọkùnrin kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kiri ọjà, tí kò sì rí èrè rẹ̀. Nínú eré náà, obìnrin kan wà tó yẹ kó jáde láti balùwẹ̀ láìwọṣọ. Òṣèré tó ń ṣe é wọ kóòtù gígùn, ó dé fìlà, ó wá ń sọ pé òun kò lè jáde báyìí láìsí aṣọ lọ́rùn òun. Òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí obìnrin náà, ó fi ìtàgé sílẹ̀. Ìṣẹ́jú péréte ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rántí ojú obìnrin yẹn bí ẹ bá ń wo fíìmù Ìránì mìíràn: iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe òun ló ṣòfin.

Bí wọ́n bá ti gba ọwọ́ lọ́wọ́ òṣèré, kí ló kù fún un? Ojú ló kù, àti ọrùn, àti ohùn, àti bó ṣe jìnnà sí ẹnì kejì tó. Inú èyí tó kù yìí ni Shahab Hosseini kọ́ ilé sí. Ohùn rẹ̀ wúlò púpọ̀, torí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Láti orí rédíò

Wọ́n bí i ní Tehran lọ́dún 1974. Ó wọ Yunifásítì Tehran láti kọ́ nípa ìhùwàsí àti ọpọlọ ẹ̀dá, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, lẹ́yìn náà ó di atọ́kùn ètò àwọn ọ̀dọ́ lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Oxygen. Ojú tó dùn-ún wò àti ohùn tó rọ̀ ni àwọn ará Ìránì kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ọn, àwọn eré orí tẹlifíṣàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún ipa ọ̀dọ́mọkùnrin tó kó sínú ìfẹ́.

Èyí tó jẹ́ kí gbogbo ilé mọ orúkọ rẹ̀ ni eré kan tí tẹlifíṣàn ìjọba gbé jáde lọ́dún 2007. Hassan Fathi ló darí rẹ̀. Hosseini ṣe Habib, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìránì tó lọ kàwé ní Páríìsì nígbà ogun àgbáyé kejì, tó kó sínú ìfẹ́ ọmọbìnrin Júù kan, tó sì ń wá ọ̀nà láti fi ìwé ìrìnnà Ìránì gbà á lọ́wọ́ àwọn Násì. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu níta pé tẹlifíṣàn ìjọba Ìránì lè gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó gbé e jáde, àwọn ènìyàn sì wò ó.

Lọ́dún 2009, ohun méjì ṣẹlẹ̀ sí i. Tahmineh Milani, olùdarí fíìmù, fi í ṣe gbajúgbajà òṣèré onígbèéraga kan nínú Superstar: ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní òun lọmọ rẹ̀. Ipa yìí ló fi gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin ní àjọ̀dún Fajr, èyí tó jẹ́ àjọ̀dún fíìmù tó lọ́lá jùlọ ní ilẹ̀ wọn. Ọdún yẹn kan náà ni About Elly jáde, fíìmù àkọ́kọ́ tí òun àti Farhadi jọ ṣe.

Nínú About Elly, àwọn ọ̀rẹ́ kan láti Tehran lọ fi ọjọ́ mélòó kan gbádùn létí òkun Caspian. Hosseini ni Ahmad, tó ti Jámánì dé, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ọmọ Jámánì ti kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú Elly wá, kí àwọn méjèèjì lè rí ara wọn bóyá ọ̀rọ̀ á wọ̀. Nínú mọ́tò, Elly bi í léèrè ìdí tó fi kọ ìyàwó rẹ̀. Ahmad sọ gbólóhùn tí ìyàwó náà sọ fún un: ìparí tó korò sàn ju ìkorò tí kò lópin lọ. Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́. Kò fi ohùn ìbànújẹ́ sọ ọ́, kò sì wo Elly. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ sókè lóun nìkan nígbà púpọ̀, tí kò dùn ún tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láìpẹ́ sí i, Elly di àwátì létí òkun.

Ṣé ẹni kan náà ni?

Ìbéèrè kejì tí mo máa ń gbọ́ nìyí, lọ́dọ̀ àwọn tó wo The Salesman kí wọ́n tó wo A Separation tọdún 2011, tí Farhadi náà darí, tàbí tí wọ́n kọ́kọ́ wo ti 2011. Wọ́n á ní: "Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lu ara rẹ̀ lórí yẹn, ṣé òun náà ni tíṣà onírẹ̀lẹ̀ yìí?" Òun náà ni.

Hodjat lorúkọ rẹ̀ nínú A Separation. Ṣọbátà ni. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kí wọ́n tó lé e dànù bí ẹni da omi ìfọwọ́. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn tó yá a lówó sì ń mú ọlọ́pàá wá bá a. Ìyàwó rẹ̀, Razieh, lóyún, ó sì ń lọ tọ́jú bàbá arúgbó kan tí arán ń ṣe, láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ọmọ bàbá náà, Nader, òṣìṣẹ́ báńkì tí nǹkan ń lọ déédé fún, dé lọ́jọ́ kan, ó bá bàbá rẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìbínú ti Razieh síta lẹ́nu ọ̀nà. Oyún bàjẹ́. Lójú òfin ibẹ̀, oyún tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti di ènìyàn, nítorí náà ẹjọ́ ìpànìyàn ló dé bá Nader.

Ìhín ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ wo Hosseini. Níwájú adájọ́, Nader ń sọ̀rọ̀ létòlétò. Ó mọ ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń parí sí. Ọ̀rọ̀ kò yọ̀ mọ́ Hodjat lẹ́nu. Ó mọ̀ pé òun jàre, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ohùn rẹ̀ á ròkè, adájọ́ á ní kó dákẹ́, á bẹ̀bẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún adájọ́ pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ bí ọkùnrin yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti tán, ọwọ́ ló kù, kò sì rí ẹni tí á fi ọwọ́ náà lù bí kò ṣe ara rẹ̀. Ìdí tó fi ń lu orí ara rẹ̀ nìyẹn. Ó tún lọ sí ilé ìwé ọmọ Nader lọ bá tíṣà tó jẹ́rìí fún Nader, ó ń bi í níbẹ̀ pé kí ló dé tí ẹ rò pé àwa máa ń lu ìyàwó àti ọmọ wa bí ẹran, ó sì fi Àlùkùránì búra pé ènìyàn bíi tiyín ni àwa náà. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tí òṣì ń ṣe fún iyì ọkùnrin ju èyí lọ nínú fíìmù.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí i tó rú àwọn òyìnbó lójú. Àwọn ẹbí méjèèjì ti fẹ́ fi owó ẹ̀jẹ̀ parí ẹjọ́. Àwọn tó yá Hodjat lówó ti jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, wọ́n ń dúró de owó náà. Nader wá ní ohun kan ṣoṣo lóun fẹ́: kí Razieh fi ọwọ́ lé Àlùkùránì, kó búra pé Nader ló ba oyún jẹ́. Razieh wọ inú ilé láti lọ gbé Àlùkùránì, kò sì jáde mọ́. Ọkàn rẹ̀ kò dá a lójú. Mọ́tò ti gbá a kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá búra, owó náà á di ègbé lórí ọmọ òun. Hodjat bá a ní ilé ìdáná, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní kó búra kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Obìnrin náà kọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń búra pẹ̀lú irin Ògún, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé pé kí ló dé tí obìnrin olóòótọ́ fi lè jẹ́ kí owó ńlá lọ nítorí ìbúra kan. Hodjat tún lu ara rẹ̀, ó sáré jáde. Nígbà tí Nader máa dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, gíláàsì iwájú ti fọ́.

Àwọn ará Ìránì ní ọ̀rọ̀ kan, āberu. Āb ni omi, ru ni ojú: omi ojú, ṣùgbọ́n kì í ṣe omijé. Iyì ni, ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè wo ẹlòmíràn lójú. Bí a bá dójú ti ẹnì kan ní gbangba, wọ́n á ní āberu rẹ̀ dànù, bí omi ṣe ń dànù. Èdè Fársì ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe Lárúbáwá; lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àwọn fúnra wọn kì í sì í ṣe Lárúbáwá. Āberu ló so Hodjat àti Emad pọ̀. Ti Hodjat ti dànù kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá a jọ lórí yẹ̀pẹ̀. Ti Emad ṣì kún nínú ife rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, wákàtí méjì la sì fi ń wò ó bó ṣe ń jò.

Díẹ̀díẹ̀

Tíṣà lítíréṣọ̀ ni Emad ní ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ó ń kọ́ wọn ní ìtàn Gholam-Hossein Saedi nípa ará oko kan tí màlúù kan ṣoṣo tó ní kú, tí òun fúnra rẹ̀ wá di màlúù. Ọmọ kan béèrè bí ènìyàn ṣe ń di màlúù. Emad ní: díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ní ìgbà yẹn, ènìyàn rere ni. Nínú takisí tí òun àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan jọ wọ̀, obìnrin kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fẹ̀ ẹsẹ̀ mọ́ òun, ó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ àyè fún òun. Inú bí ọmọ náà nítorí tíṣà rẹ̀. Emad ní kó má bínú, ó dájú pé ọkùnrin kan ti ṣe obìnrin yẹn níbi rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe Rana léṣe, Rana kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní ìbéèrè nípa ara òun. Emad kò fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí kò yẹ. Ó sùn lọ ní kíláàsì, ọmọ kan fi fóònù ya á ní fọ́tò. Emad gba fóònù náà, ó ń tú u wò níwájú gbogbo wọn, ó ní òun á pe bàbá ọmọ náà. Àwọn ọmọ tó kù dákẹ́, wọ́n wá sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ wo ojú Hosseini níbẹ̀. Ó yẹ kó tọrọ gáfárà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tọrọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀ pé màlúù ti ń bọ̀.

Ibi tó dára jùlọ nínú fíìmù náà, lójú tèmi, ni ibi oúnjẹ alẹ́. Rana se makaróònì. Ọmọ kékeré kan, ọmọ obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣeré, wà pẹ̀lú wọn nídìí tábìlì. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀rín wọ ilé náà. Emad ń jẹun, ó ń yin oúnjẹ, ó kàn béèrè ibi tí Rana ti rówó ra nǹkan. Rana ní owó tó fi sílẹ̀ nínú ilé ni. Emad kò fi owó kankan sílẹ̀. A rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wọlé sí i lára. Ẹnu rẹ̀ dáwọ́ jíjẹ dúró kí ojú rẹ̀ tó yí padà. Ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà ló fi owó sílẹ̀, bí ẹni sanwó fún obìnrin. Emad kò pariwo. Ó ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ náà ń wo òkè wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnì kan, kò sí ẹni tó gbé ohùn sókè, síbẹ̀ nǹkan ti fọ́ nínú ilé náà tí wọn kò ní lè tún ṣe.

Nígbà tó yá, ó wá ọkùnrin náà rí. Arúgbó ni, ọkàn rẹ̀ kò sì lera. Emad tì í mọ́ inú ilé wọn àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ti sán, ó ní òun á pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ohun tó ṣe. Rana, tí wọ́n ṣe é fún, ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti rẹ̀ ti parí. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló jàre níbẹ̀, èmi ò gbè sẹ́yìn Emad. Kì í ṣe pé arúgbó náà kò jẹ̀bi, ó jẹ̀bi pátápátá. Àmọ́ Rana ló ni ẹjọ́ náà, Emad sì ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, kí a má baà dàrú

Àwọn kan ń sọ pé Shahab Hosseini gba Oscar. Kò gbà á. Méjèèjì ni fíìmù wọ̀nyí gba Oscar fíìmù tó dára jùlọ tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, A Separation lọ́dún 2012, The Salesman lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn fíìmù ni, kì í ṣe ti òṣèré. Nínú ẹ̀bùn fíìmù méjèèjì yìí, tirẹ̀ tó dá gbà ni ti Cannes. Ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2011, àwọn adájọ́ ṣe ohun tí wọn kì í sábà ṣe: wọ́n fún gbogbo àwọn òṣèrékùnrin inú A Separation ní ẹ̀bùn Béárì Fàdákà kan papọ̀, wọ́n sì fún àwọn obìnrin inú rẹ̀ náà ní tiwọn papọ̀. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ gba Béárì Wúrà, ẹ̀bùn tó ga jùlọ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn tọ́, torí nínú fíìmù náà kò sí ẹni tí a lè yọ kúrò tí ilé kò ní wó.

Ní ti Oscar 2017, Farhadi àti Alidoosti kò lọ síbẹ̀, nítorí ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè méje kan láti wọlé, Ìránì sì wà nínú wọn. Anousheh Ansari, obìnrin ọmọ Ìránì tó ti lọ sí gbalasa òfurufú, àti Firouz Naderi, tó ti ṣiṣẹ́ ní NASA, ló bá wọn gba á.

Orúkọ rẹ̀ náà máa ń dàrú mọ́ ti Khaled Hosseini, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ Afghanistan. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Láti ara Hussein, ọmọ ọmọ Ànábì, ni orúkọ náà ti wá, ó sì pọ̀ ní agbègbè yẹn bí Ògún ṣe pọ̀ nínú orúkọ tiwa.

Ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí

Bí ẹ bá dá ará Ìránì dúró ní títì kí ẹ bi í léèrè Shahab Hosseini, ó ṣeé ṣe kó má mẹ́nu ba Cannes. Á ní: Ghobad. Shahrzad ni eré ọ̀hún, láti ọdún 2015 títí di 2018, eré alápá mẹ́ta tí Hassan Fathi darí. Kò jáde lórí tẹlifíṣàn ìjọba. Ṣe ni àwọn ènìyàn ń ra á wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1953, nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó lé olórí ìjọba, Mosaddegh, kúrò. Ghobad fẹ́ ọmọ bàbá olówó ńlá kan tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Wọn kò bímọ. Bàbá náà bá ní kó fẹ́ ìyàwó kejì, Shahrzad, tó ti ní ẹni tó ń fẹ́, kó lè bí àrólé fún ìdílé. Mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó dàgbà nínú ilé olórogún. Ghobad bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀lẹ tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó wá fẹ́ràn obìnrin tí wọ́n fi tipátipá fún un. Hosseini jẹ́ kí a kórìíra rẹ̀, kí a sì káàánú rẹ̀ nínú ìjókòó kan náà.

Ó ti darí fíìmù tirẹ̀ lọ́dún 2014. Nínú Gholam, ó wa takisí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin tí kò sọ ìdí tó fi kúrò nílé fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn wa tó ń wa mọ́tò lóru níbẹ̀ á mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ó ṣe eré ẹlẹ́rù nínú The Night, tí wọ́n yà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe Shams ará Tabriz, ọ̀rẹ́ akéwì Rumi, nínú fíìmù Hassan Fathi kan tó jáde lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wá kiri ni The Painting Pool tọdún 2013, níbi tí òun àti Negar Javaherian ti ṣe tọkọtaya tí ọpọlọ wọn kò já fáfá, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tijú wọn. Ibẹ̀ kò sí ìbínú rárá, āberu rẹ̀ ni ó ń tú jáde fún ọmọ náà láìbéèrè kí ó padà wá.

Àǹtí mi wo The Salesman dé òpin. Nígbà tó kù díẹ̀, Emad àti Rana jókòó níwájú dígí lẹ́yìn ìtàgé, àwọn atọ́jú-ojú ń kun wọ́n ní ọ̀dà, wọ́n ń sọ wọ́n di arúgbó fún eré alẹ́ náà. Wọn kò wo ara wọn. Iná pálọ̀ ti ṣókùnkùn díẹ̀, mo rò pé àǹtí mi ti sùn lọ. Wọ́n ní: "Dá a padà sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ makaróònì yẹn. Mo fẹ́ tún wo ojú rẹ̀."